Ọjọ́ tí Iwin Òkè Kò Jáde ní Kàbà

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Mo na ọwọ́ sí mágínẹ́ẹ̀tì ńlá orí tábìlì mi láti gbé e kúrò, dísìkì kọ̀mpútà kan sì tẹ̀lé e. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ bí ọmọ adán ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Mo gbọn ọ́n, kò já. Ìka ni mo fi já a. Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù, kì í sì í ṣe ọyẹ́ ló fà á.

Mo ti pa irọ́ púpọ̀ láyé mi, àwọn ará Kàbà tí wọ́n mọ̀ mí yóò jẹ́rìí sí i. Èmi ni mo sọ pé mo tún rédíò kan ṣe nísàlẹ̀ odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, tí ẹja ń bá mi di síkúrù mú. Èmi ni mo sọ pé tẹlifíṣọ̀n kan kú sí mi lọ́wọ́, àmọ́ ó kọ́kọ́ dágbére. Èmi náà ni mo ní rédíò kan tó ń ka ìròyìn ọ̀la, tí mo ní láti dá a padà fún olówó rẹ̀ nítorí kò jẹ́ kí n sùn. Àwọn wọ̀nyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí mo fẹ́ kọ yìí, òótọ́ ni, òun sì ni ojú rẹ̀ ń tì mí jù nínú gbogbo ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ àtúnṣe rédíò.

Mo kàwé dé kíláàsì márùn-ún. Kí n tó wọ ìkẹfà ni bàbá mi kú, wọ́n sì fi mí ránṣẹ́ sí Kàdúná, sọ́dọ̀ ará ilé wa kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ibùdó rélùwéè. Ọ̀gá Sálíù ni à ń pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, etí rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè gbọ́ ohun tó ń ṣe rédíò láti òpópónà kejì. Ẹ gba ìdajì ìyẹn gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé òkú rédíò kan fún mi, ó ní kí n tú u, kí n sì tò ó padà. Mo tú u, mo tò ó, síkúrù mẹ́ta ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ó ní kí n tún un tú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tú rédíò kan náà, títí tí kò fi sí síkúrù tó ṣẹ́ kù mọ́.

Nígbà tí mo ti lo bí oṣù mẹ́jọ, mo sun tiransifọ́mà inú rédíò ọkùnrin kan tó ń dáná fún àwọn ṣọ́jà. Mo ti ń ro irọ́ tí n ó pa. Mo fẹ́ sọ pé àrá ló sán. Ọ̀gá Sálíù wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n jáde síta, kí n lọ dúró létí títì títí ọkùnrin náà yóò fi dé.

“Sọ fún un kó tó bèèrè,” ó ní. “Tó bá ti bèèrè kí o tó sọ, ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ mọ́. Òun ló fà á yọ.”

Mo dúró láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àárín orí. Bí ọkùnrin náà ti yọ, mo sáré pàdé rẹ̀, mo sọ ọ́ kí n tó kí i. Ó bú mi ní Haúsá, ó tún bú mi ní èdè kan tí n kò mọ̀ títí di òní. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé aago ògiri wá fún wa. A ní a kì í tún aago ṣe. Ó ní ìyẹn kò kan òun, pé ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọn kò ti ní parọ́ fún òun.

Òfin kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Sálíù fún mi nìyẹn, mo sì pa á mọ́ fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni mo ń pa irọ́ mi. Nínú iṣẹ́, n kì í parọ́.

Nígbà tí mo padà wálé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Kàbà lójú ọ̀nà ọjà, ògiri kan ló pààlà èmi àti Bámidélé télọ̀. Bámidélé kì í dákẹ́. Bí mo bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, á máa ti ẹ̀yìn ògiri gbè mí. Bàbá àgbẹ̀ kan gbé rédíò wá láti Ìyámọyè, ó ní kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo tú u, aáyán ti bímọ síbẹ̀ tilé tọ̀nà. Mo wo bàbá náà, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ẹni tó ń ka ìròyìn inú rẹ̀ ló kú, pé àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni mo rí níbẹ̀. Bàbá náà fi ọwọ́ lé orí. Bámidélé pariwo láti òdìkejì pé, “Bàbá, ẹ má dá a lóhùn o, ẹ ní kó gbọn rédíò yín dànù.” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rẹ́rìn-ín. Mo gbọn ọ́n, rédíò sọ̀rọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí mọ mágínẹ́ẹ̀tì náà. Òòfà ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Inú sípíkà ńlá ṣọ́ọ̀ṣì kan ni mo ti tú u, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, ihò wà láàrin rẹ̀. Òun ni mo ń kó síkúrù lé kí wọ́n má baà fọ́n ká. Òun ni mo fi ń bá Bámidélé wá abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn bá ń gbá ìwé kiri inú ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo fi ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Mo máa ń sọ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi fa eyín irin ọkùnrin kan yọ bó ṣe ń kọjá lọ lójú títì.

Nǹkan kan ṣoṣo tí n kì í jẹ́ kó sún mọ́ ọn ni kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá Sálíù ló kọ́ mi. Ohùn tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì, òòfà ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀, òòfà sì lè pa á rẹ́. Bí o bá gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì orin sórí mágínẹ́ẹ̀tì, ariwo bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ni wàá gbọ́ nígbà tí o bá tún gbé e sí i. Mo mọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n gé wa kúrò lára Kwara tí a di Kogi, gbogbo ẹni tó mọ ìwé kọ ló kọjú sí Lọ́kọ́ja. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba n’Ílọrin kó ẹrù wọn wálé, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n tó gun ọkọ̀ láti Ìlọrin ní ojú ọ̀nà yẹn tí kò gbọ̀n dé ọ̀dọ̀ mi. Mo lókìkí. Láàrin ìgbà náà ni wọ́n gbé kọ̀mpútà kan wá sí ilé ìwé girama kan ní Kàbà tí Ràmátù ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Ràmátù. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ọkọ Mùsùlùmí sí Ìyàrá. A kì í jà nítorí ìyẹn nílé wa. Lọ́jọ́ Iléyá, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ìdí ẹran, lọ́jọ́ Kérésì, àwọn ni wọ́n máa ń gbẹ̀yìn kúrò nídìí ìrẹsì. Láti kékeré ni Ràmátù ti ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí yóò máa fi mágínẹ́ẹ̀tì yẹn fa síkúrù kiri orí tábìlì. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, kò tíì lọ́kọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ohun tí àwọn ìyá ń gbàdúrà rẹ̀ sókè kó lè gbọ́.

Kọ̀mpútà ni òun fẹ́. Ọdún méjì ló fi kọ eré kan síbẹ̀. Nítorí iná tí kì í dúró, inú ìwé ìkọ̀wé ló ti ń kọ́kọ́ kọ ọ́ ní pẹ́ńsù, bí iná bá dé á wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀mpútà. Iwin Òkè ni orúkọ eré náà. Ìlú kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ òkè. Àwọn iwin ń gbé lókè, wọn kò ní iná, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá jí iná ìdáná àwọn ènìyàn. Ìwọ tí o jókòó sídìí kọ̀mpútà ni olórí ìlú. Wàá rán àgbẹ̀ lọ sóko, wàá ní kí àwọn kan gé igi, kí àwọn kan mọ odi, wàá kọ́ ọdẹ. Àwọn obìnrin á máa hun aṣọ pupa bíi tàwọn Bùnú, èyí tí a fi ń sin àgbà tó lọ. Ọdẹ tó bá ró aṣọ náà, iwin kò ní bá a jà, wọ́n á rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ti lọ ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé eré náà kì í dúró de ènìyàn. Mo mọ ayò, mo mọ dráfù. Ìwọ á ta, èmi náà á ta, a sì lè mu omi láàrin. Ti Ràmátù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń wo àgbẹ̀ mi ní oko, iwin ti gba ẹ̀yìn wọlé. Mo ní kó dá wọn dúró kí n kọ́kọ́ wọ awò ojú mi.

Ó ní, “Bàbá, ọ̀tá wo ló ń dúró kí ẹ wọ awò?”

Lọ́jọ́ kan ó gbé rẹ́kọ́dà wá. Ó ní bí èèyàn bá tẹ àgbẹ̀ inú eré náà, ó yẹ kó dáhùn, òun sì fẹ́ ohùn àgbàlagbà. Mo ní ohùn mi yóò wọ́n. Ó ní òun ti mọ̀. Mo bá sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì pé, “Okun o. Mò ń lọ.” Ìkíni wa nìyẹn ní ilẹ̀ wa, òun la fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹni tó ti ọ̀nà dé, òun náà ni wọ́n sì fi sọ gbogbo wa lórúkọ. Ọ̀nà mẹ́wàá ni mo gbà sọ ọ́, bí ọba, bí ọmọ ogun, bí oníwàásù. Èyí tí mo ti wúkọ́ láàrin rẹ̀ ló mú, ó sì pa kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́ja tó gbọ́ nípa eré náà. Ó ránṣẹ́ pé òun yóò wá wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde. Àyè kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn fún olùkọ́ tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀mpútà ní Sáríà. Bí ohun tó bá rí bá dára, ó ní Ràmátù ni òun yóò fún. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé, wọ́n gba gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé Iwin Òkè yóò jáde ní Kàbà. Àwọn ìyá àgbà kan wá bi mí bóyá kí àwọn bo iná ìdáná wọn. Mo ní kí wọ́n bò ó dáadáa. Èmi ni mo fi irọ́ kó èrò tó pọ̀ jù síbẹ̀, mo ní iwin yóò jáde láti inú dígí kọ̀mpútà náà wá bọ ọ̀gá Lọ́kọ́ja lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí àwọn dísìkì ṣe dé ọwọ́ mi. Àpótí inú kọ̀mpútà tó yẹ kó máa pa iṣẹ́ mọ́ ti bàjẹ́. Èmi ni wọ́n gbé e wá fún, mo ní kékeré ni, n kò sì lè tún un ṣe. Nítorí náà, orí dísìkì ni gbogbo eré náà wà, ike pẹlẹbẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́, méje. Ràmátù tún da gbogbo rẹ̀ kọ sórí méje mìíràn kó má baà sí ewu. Lọ́sẹ̀ tí a ó gbé e jáde, dígí kọ̀mpútà náà ń gbọ̀n, ó gbé e wá kí n tún un ṣe, kí n sì bá òun gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé. Ó fi dísìkì mẹ́rìnlá náà lé mi lọ́wọ́ nínú àpòòwé méjì.

“Bàbá, ẹ fi ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gbé ìkejì lọ sílé. Ẹ má kó wọn sí ojú kan náà.”

Ó ní omi kò gbọdọ̀ kàn wọ́n, oòrùn kò gbọdọ̀ pa wọ́n. Kò dárúkọ mágínẹ́ẹ̀tì. Kí ni ì bá dárúkọ rẹ̀ fún? Ó rò pé onímọ̀ ni mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tú wọn jáde láti fi yangàn fún Bámidélé. Mo sọ fún un pé ìlú kan odidi ló wà nínú ike wọ̀nyí, pé bó bá fi etí sí i á gbọ́ ìró odó. Ó fi etí sí i. Lẹ́yìn tó lọ, ọwọ́ mi kún fún iṣẹ́, ilé mi kò sì jìnnà, ọ̀lẹ ló mú mi. Mo to méje sí ọ̀tún, mo to méje sí òsì, wọ́n fara kan ara wọn, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń fẹ́ eruku wọlé. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé méjèèjì lórí kí atẹ́gùn má baà bì wọ́n ṣubú.

Ìdí nìyẹn tí dísìkì fi tẹ̀lé ọwọ́ mi láàárọ̀ Sátidé. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà létí rẹ̀, òun ló lẹ̀. Mo fi èékánná ti irin náà sẹ́yìn, mo wo inú. Nǹkan róbótó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀. Àwọ̀ tẹ́ẹ̀pù kásẹ́ẹ̀tì gan-an ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, mo sì ti fi wọ́n sábẹ́ ohun tó ń pa wọ́n láti àná.

Bámidélé kígbe láti ẹ̀yìn ògiri. “Jọ́ṣúà, o ti dákẹ́ jù. Ṣé irọ́ tán ni?”

Mo dá dísìkì náà padà sórí àwọn yòókù. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ọ̀sán ni ètò. Ọ̀gá Lọ́kọ́ja kò tíì gbéra. Bí mo bá sáré lọ bá Ràmátù nígbà yẹn, ì bá wá ẹni tí yóò bẹ ọ̀gá náà kó sún ọjọ́ síwájú, bóyá wọn ì bá sún un. Ilé rẹ̀ hàn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Mo jókòó. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá mágínẹ́ẹ̀tì náà kò ṣe é ní nǹkan kan, pé bóyá ike dísìkì nípọn ju ti kásẹ́ẹ̀tì lọ. Mo nu eruku ara mi. Mo kó dísìkì sínú àpòòwé méjì, mo kó àpòòwé sínú báàgì kan.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni mo ti pàdé rẹ̀. Ó wọ aṣọ àlàárì, ó wé gèlè tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gba kọ̀mpútà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ.

“Bàbá, ṣé gbogbo rẹ̀ wà dáadáa?”

Ó ti bèèrè. Ọ̀gá Sálíù ti kú, àmọ́ mo rí i bó ṣe dúró létí títì tó ń wò mí.

“Dáadáa ni, ọmọ mi,” ni mo wí.

Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn ará Ìyàrá. Ọ̀gá Lọ́kọ́ja jókòó sórí àga onítìmùtìmù, fáìlì wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà ní ọ̀nà méjèèjì. Ràmátù ti dísìkì àkọ́kọ́ bọ ẹnu kọ̀mpútà. Ó kùn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́, ó tún kùn. Dígí kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kà. Ó yọ ọ́, ó ti ìkejì bọ̀ ọ́, ó ti ìkẹta. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ara eré náà ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ìkeje, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ó yíjú sí mi, ó rọra bi mí pé èyí tó wà nílé ńkọ́. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì kan náà, mo fà á yọ.

Ọyẹ́ ti fi eruku bo orí dísìkì tó wà lókè pátápátá. Mágínẹ́ẹ̀tì sì ti tẹ àmì rẹ̀ sínú eruku náà, ìdajì òbìrìkìtì lórí ti ọ̀tún, ìdajì lórí ti òsì. Ara mi nìkan ni mo nù láàárọ̀, n kò nu ti wọn. Ràmátù mú dísìkì òkè nínú àpòòwé kìíní, ó mú ti ìkejì, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òbìrìkìtì náà pé. Ihò àárín rẹ̀ pàápàá hàn. Láti kékeré ló ti mọ ohun tó rí bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì mi.

Ó gbé ojú sókè wò mí.

Ọ̀gá Lọ́kọ́ja bèèrè pé kí ló dé. Gbogbo ojú yí sí wa. Àyè ṣì wà fún mi láti sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣe ohun tí ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n ṣe.

“Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù fún un,” ni mo wí sókè. “Ràmátù wa kò tíì bí ọmọ ènìyàn, ẹ wá ń retí kó bí iwin.”

Gbọ̀ngàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn ojú fèrèsé rẹ́rìn-ín, ọ̀gá Lọ́kọ́ja rẹ́rìn-ín, ó sì pa fáìlì rẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló tẹ orí ba.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, èèyàn kì í bọ́ aṣọ lára arákùnrin ìyá rẹ̀ níwájú àlejò. Ràmátù mọ èyí, èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ ni mo sì gùn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀gá náà.

“Ẹ má bínú, sà,” ó ní. “N kò tíì parí rẹ̀ ni.”

Ẹlòmíràn ló lọ sí Sáríà lọ́dún yẹn. Ràmátù kò lọ, títí di òní.

Ẹ ó rò pé mo dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Rárá o. Mo sọ ọ́ di ìtàn. Mo ní àwọn iwin ló sọ̀ kalẹ̀ wá gbé ara wọn mì nítorí wọn kò fẹ́ kí ọ̀gá yẹn mú wọn lọ sí Lọ́kọ́ja. Mo ní mo rí ẹsẹ̀ ọ̀kan lórí tábìlì mi. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìkọ́lé, wọ́n á ní, “Bàbá Onírédíò, ẹ sọ ti iwin yẹn.” Mo sì ń sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan tí mò ń sọ ọ́ lọ́wọ́, mo rí Ràmátù lẹ́yìn èrò, ó gbé àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Ó dúró gbọ́ ọ tán, ó sì gbé oúnjẹ náà fún ẹni tó ni ín.

Kò bú mi rí. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń gbé ẹran Iléyá wá fún mi. Àmọ́ nígbà tí rédíò rẹ̀ bàjẹ́, ó gbé e wọ ọkọ̀, ó gbé e lọ sí Odò-Ẹrẹ̀, ìlú tó jìnnà sí wa, fún ẹlòmíràn. Bámidélé ló sọ fún mi. Odò-Ẹrẹ̀! Mo wo ilé rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, n kò lè tú síkúrù kan lọ́jọ́ náà.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ kan mo rí i tí Bámidélé ń rán bùbá obìnrin kan, mo bi í ta ló ni ín. Ó ní Ràmátù ni, pé ọ̀la ni yóò gbé eré rẹ̀ jáde nílé ìwé kan ní Ìyàrá, pé inú àwọn ìwé tó fi pẹ́ńsù kọ ló ti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. “O ò mọ̀?” ó ní. “Àbí àwọn iwin ò sọ fún ọ ni?”

Wọn kò pè mí. Mo fi aṣọ di mágínẹ́ẹ̀tì náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyàrá, mo jókòó sórí àga ẹ̀yìn nínú kíláàsì. Kò sí ọ̀gá kankan láti ibì kankan. Kí wọ́n tó tan kọ̀mpútà, olórí ilé ìwé bèèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo dìde. Bí wọ́n ti rí mi, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n sọ ìtàn iwin.

Mo ní kò sí iwin kankan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi ni mo pa iṣẹ́ Ràmátù run, pé ó ní kí n kó o sí ojú méjì, mo kó o sí ojú kan, mo sì fi èyí lé e lórí. Mo tú aṣọ, mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo ní mo mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì parọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan pariwo pé, “Bàbá yìí ò ní pa wá!” Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe fún ara mi nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó gbà á.

Ràmátù dìde.

“Ẹ dákẹ́,” ó ní. “Òótọ́ ló ń sọ.”

Ẹ̀rín náà dúró. Ojú gbogbo wọn yí padà lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa àtùpà.

“Mo mọ̀ látọjọ́ yẹn,” ó ní, èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. “Mo kàn ní n kò ní bi yín ni.”

Ọdún mẹ́ta, kò bèèrè. Ó fi àyè sílẹ̀ kó lè jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́. Kò mọ Ọ̀gá Sálíù, kò sì sẹ́ni tó sọ òfin rẹ̀ fún un rí.

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, bí mo ti dàgbà tó. Ó dá mi dúró. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ mi. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ kọ́kọ́ gbé nǹkan yẹn jáde ná.”

Mágínẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́wọ́ mi, àwọn dísìkì rẹ̀ sì wà lórí tábìlì níwájú. Mo sáré gbé e jáde bí ẹni gbé ejò, mo lọ gbé e sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìwé. Ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí. Títí tí mo fi pa ṣọ́ọ̀bù mi dé, inú agolo ni mo ń kó síkúrù sí.

Nígbà tí mo wọlé padà, ó ti tan eré náà. Ìlú kékeré yọ ní ẹsẹ̀ òkè, èéfín ń jáde lórí ilé. Ó ní kí n wá jókòó. Mo wọ awò ojú mi, kò sì sẹ́ni tó dúró dè mí. Ó fi ìka hàn mí, ó ní kí n tẹ àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò, kí n rán an lọ sí ibi odi. Mo tẹ̀ ẹ́.

“Okun o,” ni ohùn mi wí láti inú kọ̀mpútà, ó wúkọ́. “Mò ń lọ.”

Àgbẹ̀ náà sì lọ tààrà sí ibi tí Ràmátù ní kó lọ.